Jẹ́jẹ́ Onílẹ̀kùn àti Alámì

Bí ìbọn ló ṣe dún. Ọmọbìnrin kan ń fọ ojú lọ́wọ́, ọṣẹ kún ojú rẹ̀ fọ́fọ́, ló bá gbọ́ "gbàù!" láti inú ilé ìgbọ́kọ̀sí tó wà nísàlẹ̀. Ó rò pé ọkọ̀ bàbá òun ló gbiná. Kò nu ojú, kò wọ bàtà, ó sáré sọ̀kalẹ̀ tòun ti aṣọ ìnura lọ́wọ́, ojú kan ṣoṣo tó ṣeé là ló fi ń wá ọ̀nà.

Kò rí iná, kò rí èéfín. Ilẹ̀kùn irin ńlá náà wà ní títì bó ṣe wà láti àná. Ó nawọ́ sí bọ́tìnnì ara ògiri tí wọ́n fi ń ṣí i. Ìka rẹ̀ kù díẹ̀ kó kàn án ni ọkùnrin kan fo ọgbà aládùúgbò bí ẹni tí ajá ń lé, ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ wọlé wá, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ẹ má tẹ̀ ẹ́! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́!"

"Olè!" ni ọmọbìnrin náà ké. Ó ju aṣọ ìnura tútù ọwọ́ rẹ̀ lù ú, ó sì bà á ní àárín orí.

"Olè wo ló ń sọ pé ẹ jọ̀ọ́?" Ọkùnrin náà mú aṣọ ìnura kúrò lórí. "Ilẹ̀kùn àwọn aládùúgbò yín ni mò ń tún ṣe. Ẹ wo òkè."

Ó wo òkè. Lórí ọ̀pá gbọọrọ tó dábùú òkè ilẹ̀kùn, sípíríǹgì méjì ló máa ń wà níbẹ̀, wọ́n nípọn bí apá ọmọdé. Ọ̀kan ti já sí méjì, àlàfo sì wà láàárín rẹ̀ bí eyín tó yọ.

"Òun ló ń bá yín gbé ilẹ̀kùn yìí," ni ọkùnrin náà sọ. "Ẹ̀yin rò pé ẹ̀rọ ló ń gbé e ni?"

Ohun tó rò láti ọjọ́ tó ti dáyé nìyẹn, àmọ́ kò ní jẹ́wọ́ fún olè. Ọkùnrin náà wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó yọ aṣọ ìnujú kan nínú àpò rẹ̀. "Ẹ nu ojú yín, ọṣẹ ń wọ̀ yín lójú." Ó gbà á, ó nu ojú dáadáa. Ìgbà yẹn ni ìyá rẹ̀ yọ lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ọmọ rẹ̀, ó sì figbe ta. Aṣọ ìnujú onílẹ̀kùn ni. Gíríìsì ti kun ojú ọmọbìnrin náà láti iwájú orí dé àgbọ̀n.

Bí wọ́n ṣe pàdé nìyẹn. Mo ti gbọ́ ìtàn ìpàdé tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, n kò tíì gbọ́ èyí tó dọ̀tí tó bẹ́ẹ̀ o.

Bàbá ọmọbìnrin náà jáde wá. Awakọ̀ akẹ́rù ni, ó ti fẹ̀yìn tì, kò sì sí ohun tó bàjẹ́ rí nínú ilé rẹ̀ tí kò fọwọ́ ara rẹ̀ tún ṣe, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òmíràn máa ń bàjẹ́ sí i. Ó wo sípíríǹgì, ó pòṣé. "Iṣẹ́ kékeré. Màá pààrọ̀ rẹ̀ fúnra mi."

"Jẹ́jẹ́, Bàbá," ni ọkùnrin náà sọ. "Èèyàn lè pààrọ̀ rẹ̀ nílé ara rẹ̀, n kò ní purọ́ fún yín. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ ṣe é á kọ́kọ́ yọ iná ẹ̀rọ. Á ti ilẹ̀kùn délẹ̀, á fi ẹ̀mú dì í mọ́ ojú irin kó má baà gbéra. Á ní ọ̀pá ìlọ́ tó bá ihò sípíríǹgì mu rẹ́gí, á dúró sí ẹ̀gbẹ́, kò ní gbé ojú rẹ̀ síwájú ọ̀pá. Èyí tó já yìí ti kú. Èyí tó kù ló wà láàyè, òun sì ni kí ẹ bẹ̀rù."

"Ṣé èyí tó kù kò wá dáa tó ni?"

"Ọjọ́ kan náà ni wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Bàbá. Bí ọ̀kan bá ti lọ, èkejì ti ń palẹ̀ mọ́ nìyẹn. Àwọn méjèèjì la ó pààrọ̀. Ti àtijọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dẹ̀, jẹ́jẹ́, kí tuntun tó gorí ọ̀pá."

Ó sọ "jẹ́jẹ́" tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá fi sọ ọ́ lórúkọ kó tó kúrò níbẹ̀. Jẹ́jẹ́ náà ló ń jẹ́ nínú ilé yẹn di òní.

Sípíríǹgì tó bá ilẹ̀kùn náà mu kò sí nítòsí. Àwọn tó ń rọ ọ́ ní láti fi ránṣẹ́. Jẹ́jẹ́ wá ń yà wò ó bóyá ilẹ̀kùn wà bó ṣe fi í sílẹ̀. Ilẹ̀kùn kì í rìn, gbogbo wa la mọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀sẹ̀ tí Jẹ́jẹ́ kò wá wò ó.

Iṣẹ́ ọmọbìnrin náà wà ní ilé ìtẹ̀wé. Òun ló ń ka ìwé kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, òun ló ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ àti sábẹ́ rẹ̀ níbi tí òǹkọ̀wé bá ti ya ọ̀lẹ. Bí ó bá rí ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì, ọwọ́ rẹ̀ á máa yún un. Jẹ́jẹ́ ní tirẹ̀ kò fi àmì kankan sórí ọ̀rọ̀ rí. Nígbà tí sípíríǹgì fẹ́ dé, ó kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù: "Oko yoo de lola."

Ọmọbìnrin náà bú sẹ́rìn-ín níbi iṣẹ́. Ó kọ èsì: "Èwo nínú wọn? Ṣé ọkọ̀ ló ń bọ̀ ni, àbí ọkọ?"

Ọ̀rọ̀ náà pẹ́ kó tó padà. "Eyi ti e ba fe."

Ó ka èyí lẹ́ẹ̀kan sí i, kò sì fi àmì kankan tún un ṣe. Láti ọjọ́ yẹn ni "ẹ" ti di "o" láàárín wọn. Jẹ́jẹ́ ń pè é ní Alámì. Bí Alámì bá rán an létí pé ọ̀rọ̀ tí kò lámì dà bí bóòtù tí kò ní nọ́ọ̀tì, Jẹ́jẹ́ á ní, "Ìwọ gan-an ni nọ́ọ̀tì mi, máa mú mi mọ́lẹ̀." Ìyá ti rí gbogbo rẹ̀. Bàbá náà rí i, ó ń ṣe bí ẹni tí kò rí i, èyí tó jẹ́ ọ̀nà tirẹ̀ láti fọwọ́ sí nǹkan.

Ọkọ̀ náà pẹ́ lójú ọ̀nà kí sípíríǹgì tó dé. Jẹ́jẹ́ ní òun á wá láàárọ̀. Láàárọ̀ náà, Bàbá fẹ́ gbé ọkọ̀ jáde. Sùúrù rẹ̀ tán. Òun àti aládùúgbò gbé ilẹ̀kùn náà sókè dé ìdajì, ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn méjèèjì fi ń kérora, wọ́n wá fi igi kan tì í lábẹ́. Ibẹ̀ ni agbára wọn pin sí.

Alámì pe Jẹ́jẹ́. "Bàbá ti gbé ilẹ̀kùn sókè o. Wọ́n fi igi tì í."

"Wọ́n ṣe kí ni? Háà! Sọ fún wọn pé kí wọ́n…" Ìpè náà já. Ó tún pè é, kò wọlé. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ọ̀rọ̀ kan wọlé lórí fóònù rẹ̀: "De e daadaa ki n to de."

Láti ọjọ́ tí Jẹ́jẹ́ ti sọ pé ti àtijọ́ gbọ́dọ̀ dẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yẹn ti wà létí Alámì. Kò ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ó ké sí bàbá rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù tó fara tì, ó ní, "Jẹ́jẹ́ ní kí ẹ dẹ̀ ẹ́ dáadáa kí òun tó dé."

Ojú Bàbá tàn. "Ó ti mọ̀ pé ọkùnrin ni mí!" Ó gbé àpótí ìjókòó, ó gun orí rẹ̀, ó mú irin tí ó fi ń tú táyà ọkọ̀ akẹ́rù láyé ijọ́un. Irin náà tín-ín-rín ju ihò sípíríǹgì lọ, Bàbá kò sì bìkítà. Ìyá pe Alámì láti inú ilé, ọmọ náà sì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Bàbá tú nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́, ó tú èkejì.

Ẹnikẹ́ni kò lè sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Sípíríǹgì náà yí fìrìrì, irin bọ́ lọ́wọ́ Bàbá, ó kọlu apá rẹ̀, ó sì fò. Igi tó ti ilẹ̀kùn ṣẹ́. Ilẹ̀kùn já lulẹ̀ gbì, gbogbo ilé mì. Nígbà tí Alámì fi sáré padà, bàbá rẹ̀ ti wà nílẹ̀, apá rẹ̀ tẹ̀ níbi tí apá èèyàn kì í ti í tẹ̀. Irin náà ti wọnú kọ́bọ́ọ̀dù, ní ibi tí orí òun fúnra rẹ̀ wà kó tó kúrò níbẹ̀. Ó wo irin yẹn. Ó wólẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀.

Bí Jẹ́jẹ́ ṣe bá wọn nìyẹn. Ó gbé Bàbá sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó ń wa ọkọ̀, ó ń sunkún. Bàbá ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀ pé, "Ìwọ lo fẹ́ pa mí! Ìwọ yìí!"

Ní ọ̀ọ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, Alámì kò lè jókòó. "Kí ló dé tí o fi gbé iṣẹ́ rẹ lé bàbá mi lọ́wọ́?"

"Èmi?" Ẹnu ya Jẹ́jẹ́. "Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti ń kìlọ̀ fún wọn!"

"Mo ka ọ̀rọ̀ rẹ fún wọn fúnra mi! Mú fóònù rẹ, kí o wo ohun tí o kọ."

Jẹ́jẹ́ mú fóònù, ó wò ó. Ó gbójú sókè, ojú rẹ̀ dá ṣáká. "Mo ti wò ó. Ohun tí mo kọ nìyí. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, bí mo bá tún un kọ, bẹ́ẹ̀ náà ni màá kọ ọ́."

Alámì tẹjú mọ́ ọn. Ẹni tó fẹ́ràn ló dúró síwájú rẹ̀ yìí, bàbá rẹ̀ ń kérora lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó sì ń sọ pé òun á tún un kọ. "Máa lọ," ló sọ. "Má padà wá mọ́." Jẹ́jẹ́ náà ń wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Lójú tirẹ̀, ọmọbìnrin yìí kọ̀ láti ṣe ohun tí òun ní kó ṣe, ó wá di ẹ̀bi náà ru òun. Ó lọ lóòótọ́.

Dókítà to eegun apá Bàbá, ó sì fi nǹkan funfun dì í dé èjìká. Ẹni tó bá wá kí i, á na apá náà sí i, á ní, "Onílẹ̀kùn yẹn ló ṣe mí báyìí. Ó fi fóònù ní kí n ṣe iṣẹ́ tó yẹ kó ṣe." Ọ̀rọ̀ náà kúrò nílé wọn, ó dé ilé aládùúgbò, ó dé ibi tí Jẹ́jẹ́ ti ń jẹun. Àwọn tó ti pè é fún iṣẹ́ ní kó máà wá mọ́. Ilẹ̀kùn ilé ìgbọ́kọ̀sí dúró bó ṣe wó, ọkọ̀ Bàbá há sẹ́yìn rẹ̀. Alámì ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Ó fẹ́ràn Jẹ́jẹ́ síbẹ̀, inú sì ń bí i sí ara rẹ̀ pé òun fẹ́ràn rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi kan, ó ń fọ abọ́, ìyá rẹ̀ gba fóònù rẹ̀ láti wá nọ́ńbà dókítà. Aránṣọ ni ìyá náà. Bó ṣe ń rán aṣọ, ojú kan lẹ́yìn òmíràn, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń kàwé. Ó wọ awò ojú, ó ń fi ìka yí i lọ.

"Èyí ńkọ́… ti Jẹ́jẹ́ nìyí. 'Dè é… dáadáa… kí n tó dé.' Kí ló ní kí a dè?"

Abọ́ já bọ́ lọ́wọ́ Alámì, ó fọ́ sí wẹ́wẹ́.

"Màmá, ẹ ní kí ni?"

"Dè é dáadáa kí n tó dé."

"Dẹ̀ ẹ́ ni! Dẹ̀ ẹ́!"

Ìyá wò ó lókè awò ojú. "Ilẹ̀kùn tó dúró lórí igi? Ta ló máa ń dẹ irú ẹ̀? Ṣebí ká dè é ni, kó má baà wó pa èèyàn."

Alámì jókòó sílẹ̀ láàárín àfọ́kù abọ́. Ó gba fóònù, ó wo lẹ́tà náà. Wọ́n wà níbẹ̀ ní ìhòòhò, kò sí àmì lórí, kò sí àmì lábẹ́. Dè é. Dẹ̀ ẹ́. Jẹ́jẹ́ wò ó nílé ìwòsàn, ohun tó kọ ló rí. Òun náà wò ó, ohun tó kà ló rí. Òun tó ń fi àmì jẹun! Ó bú sẹ́kún, ìyá rẹ̀ sì dì í mú, kò tíì mọ ohun tó ṣe ọmọ.

Alámì wọ yàrá bàbá rẹ̀ lọ. Ó mọ̀ pé ìbínú tó wà lórí Jẹ́jẹ́ lè bọ́ sórí òun. Ó kúnlẹ̀. "Bàbá mi, Jẹ́jẹ́ kò ní kí ẹ dẹ̀ ẹ́. Ó ní kí a dè é. Èmi ni mo ṣì í kà. Èmi ni mo ṣẹ́ yín lápá."

Bàbá wo apá rẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀.

"Dìde," ló sọ. "Ọkùnrin yẹn dúró níwájú mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi pé èyí tó kù wà láàyè, kí n bẹ̀rù rẹ̀. Ṣé ìyẹn náà kò ní àmì ni? Mo gbọ́ ọ yékéyéké. Mo kàn ń wá ẹni tó máa ní kí n ṣe é ni. Bí o bá kà á ní dídè, màá ṣì dẹ̀ ẹ́."

Ẹnu ya Alámì. Kò gbọ́ irú rẹ̀ rí lẹ́nu bàbá rẹ̀. Bàbá na ọwọ́ tó dáa. "Gbé fóònù mi wá. Mo ti ba ọmọ ọlọ́mọ lórúkọ jẹ́ káàkiri, ó yẹ kí n máa pe àwọn tí mo sọ ọ́ fún lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwọ, lọ wá a."

Ó bá Jẹ́jẹ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ń kó irinṣẹ́ sẹ́yìn ọkọ̀, ẹ̀mú, ọ̀pá ìlọ́, àkàbà, gbogbo rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ti ṣófo.

"Níbo lò ń lọ?" Ọ̀rọ̀ mìíràn ló fẹ́ kọ́kọ́ sọ.

"Ibi tí wọn kò ti gbọ́ orúkọ mi." Kò wò ó.

Ó gbé fóònù síwájú rẹ̀. "Bá mi ka èyí."

"Mo ti kà á."

"Kà á sókè, Jẹ́jẹ́. Mo bẹ̀ ọ́."

"Dè é dáadáa kí n tó dé."

"Dẹ̀ ẹ́ dáadáa kí n tó dé," ni Alámì sọ. "Bí mo ṣe kà á fún bàbá mi nìyẹn."

Ọ̀pá ìlọ́ ọwọ́ Jẹ́jẹ́ jábọ́. Ó fa fóònù mọ́ra, ẹnu rẹ̀ ń mì, ó ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́ lọ́nà méjèèjì. Ó jókòó sórí àpótí irinṣẹ́. "Háà! Èmi ni mo ṣe Bàbá báyìí."

"Àwa méjèèjì ni. Nígbà tó jẹ́ eré, tó jẹ́ ọkọ̀ tàbí ọkọ, mo béèrè lọ́wọ́ rẹ. Nígbà tó jẹ́ ikú, n kò béèrè." Omi ń dà lójú rẹ̀. "Dárí jì mí."

"O sọ fún mi tipẹ́ kí n máa fi àmì sí i."

"O sọ fún wa tipẹ́ kí a má fọwọ́ kàn án."

Wọ́n wo ara wọn. Jẹ́jẹ́ mú aṣọ ìnujú jáde, ó nawọ́ rẹ̀ sí i, ó rántí, ó tètè fà á padà. Alámì rẹ́rìn-ín láàárín ẹkún. Ó gba aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi nu ojú, gíríìsì àti gbogbo rẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni Jẹ́jẹ́ wá sílé wọn. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá, Bàbá ní, "Dìde, iṣẹ́ ń dúró. Èmi náà jẹ ọ́ ní ẹ̀bẹ̀, màá bẹ̀ ọ́ tí a bá ṣe tán." Jẹ́jẹ́ yọ iná ẹ̀rọ. Ó tọ́ ilẹ̀kùn sọ́nà, ó tì í délẹ̀, ó fi ẹ̀mú dì í mọ́ ojú irin lọ́tùn-ún lósì. Bàbá jókòó lórí àga lọ́nà jíjìn, apá rẹ̀ lórí ìrọ̀rí.

"Ṣé ẹ ti dè é?" ni Bàbá béèrè.

Alámì yíjú sí i. "Bàbá, ẹ tún un pè."

"Mo ní dè! Dè! Ẹnu mi kò tíì ṣẹ́!" Ìyá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ara ògiri mú.

Jẹ́jẹ́ dúró sí ẹ̀gbẹ́. Ó dẹ ti àtijọ́ díẹ̀díẹ̀, ọ̀pá kan kò kúrò kí èkejì tó wọlé. Ó fi àwọn tuntun sí i, ó lọ́ wọn, ojú rẹ̀ kò sí níwájú ọ̀pá nígbà kankan. Alámì ń nawọ́ irinṣẹ́ sí i, ó ń wò ó, ó ń fọkàn gbàdúrà. Nígbà tí Jẹ́jẹ́ tú ẹ̀mú, ó ní kí Bàbá wá. Ó ní kó fi ọwọ́ kan tó dáa gbé ilẹ̀kùn. Bàbá gbé e. Ilẹ̀kùn tí ọkùnrin méjì ń kérora lábẹ́ rẹ̀ tẹ̀lé ọwọ́ àgbà kan lọ sókè bí aṣọ ojú fèrèsé. Bàbá dúró síbẹ̀, ó la ẹnu, ìmọ́lẹ̀ òde sì wọlé bá gbogbo wọn.

Lẹ́yìn èyí, Alámì jókòó ti Jẹ́jẹ́, ó fi bí a ṣe ń tẹ àmì lórí fóònù hàn án. Ìka onílẹ̀kùn tóbi, lẹ́tà kéré, ó ń làágùn ju ìgbà tó ń lọ́ sípíríǹgì lọ. Fún ìgbà pípẹ́ kò kọ ohunkóhun ránṣẹ́ mọ́. Ó ní òun ṣì ń kọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ wọlé nírọ̀lẹ́ kan tí gbogbo ilé wà nínú pálọ̀. Alámì wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó mi orí. "Màmá, ẹ wò ó. Ó gbìyànjú o, àmọ́ ó fo àmì kan."

Ìyá wọ awò ojú. "Ọ… kọ… yóò dé lọ́la." Ó tún un kà. "Ọmọ mi, ó fi àmì sí abẹ́ méjèèjì. Ó fi sórí 'yóò'. Ó fi sórí 'dé', ó fi sórí 'lọ́la'. Ta ló sọ fún ọ pé ó fò ó?"

Alámì gba fóònù padà. Ó wo ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ náà. Ibi tí ì bá ti fi àmì sí, kó di ohun tó ní táyà, ó fi í sílẹ̀ gedegbe. Kì í ṣe àṣìṣe.

"Ọkọ!" ni Bàbá ké, ó fò dìde lórí àga, ó gbàgbé pé apá ń dun òun. "Lọ́la kẹ̀? Ta ló ti gbá ilé?"

Alámì kò dá a lóhùn. Ó tẹ èsì rẹ̀, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, jẹ́jẹ́, ó sì wo àmì orí ọ̀kọ̀ọ̀kan kó tó jẹ́ kó lọ: "Mo ń dúró dè é."